Ọjọ́ Ìpadàbọ̀ Kì í Ṣe Ọjọ́ Ìsinmi

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tó ní mọ́tò tirẹ̀, tó sì ní dírẹ́bà tó ń wà á. Ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ láti ọlidé ni: òṣìṣẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, tí wọ́n lọ kí ìyá àgbà tàbí tí wọ́n lọ najú létíkun, tí wọ́n wá ń bọ̀ wálé sí Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Òkókómáíkò. Èrò tiwa kò lọ́jú rárá. Ọjọ́ tí ènìyàn ń ti ìsinmi bọ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ wa máa pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá jókòó ti àwọn ọ̀gá.

Ẹ mú ìdílé kan láti Òkókó, tí wọ́n lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Àgbádárìgì. Ọ̀nà náà kò jìn, kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ. Àlọ rọrùn. Àárọ̀ ni, ara àwọn ọmọ yá gágá, inú dídùn kò jẹ́ kí wọ́n rántí pé ebi ń pa wọ́n. Wọ́n rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1845, èyí tí ọmọ ilé ìwé gbogbo ti kà nípa rẹ̀ pé òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù, wọ́n rí ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Wọ́n mu omi àgbọn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ìyá àgbà di gàrí fún wọn, ó rọ epo pupa sínú kẹ́ẹ̀gì, ó so adìyẹ kan lẹ́sẹ̀, ó ní kí wọ́n fi se ọbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni ojú ọ̀rọ̀ yí padà. Gbogbo ènìyàn ló ń padà lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni iṣẹ́ gbogbo ń bẹ̀rẹ̀. Owó ọkọ̀ ti fò sókè. Kọ̀ńdọ́ ń kígbe pé mẹ́rin-mẹ́rin ni ìjókòó, lórí àga tí wọ́n ṣe fún ẹni mẹ́ta. Bàbá wo àpò rẹ̀, ó ṣírò, ó san owó ẹni méjì. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá di ẹrù orí itan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀ jókòó lé bàbá rẹ̀, orí rẹ̀ ń lu òrùlé mọ́tò bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò. Ọmọ ọdún márùn-ún wà lórí itan ìyá rẹ̀ kan, ìkókó wà láyà rẹ̀. Gàrí wà láàárín ẹsẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo wà lábẹ́ àga, adìyẹ ń ṣu sórí bàtà ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹni tí kò bá tíì gbé ọmọ tó ti sùn láti Àgbádárìgì dé Òkókó kò tíì mọ bí ọmọ ṣe ń wúwo tó. Ọmọ tó lajú máa ń di ènìyàn mú. Ọmọ tó sùn, gbogbo ara rẹ̀ ló ń jù sílẹ̀ fún ẹni tó gbé e. Apá a kú, ẹsẹ̀ a kú, ìyá kò sì gbọdọ̀ mira kí ọmọ má baà jí. Bí wọ́n bá dé Mọ́wó, èyí àgbà á ní òun fẹ́ tọ̀. Àwọn èrò á bú bàbá rẹ̀, dírẹ́bà á ní òun kò lè dúró níbẹ̀. Bí wọ́n bá dé Àgbárá, dírẹ́bà á pa ẹ́ńjìnnì, á ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ o, mi ò lọ mọ́, títì ti dí níwájú." Owó Òkókó ló ti gbà. Wọ́n á tún wá ọkọ̀ dé Ìjánikin, wọ́n á tún wá èyí tí yóò gbé wọn kọjá Ìyànà Èrá. Ìrìn tí wákàtí kan àbọ̀ tó fún, ó di aago mẹ́wàá alẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Bàtà ọmọ kan ti ku ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó lágbára láti wẹ ọmọ, ká má tilẹ̀ sọ pé wọ́n fẹ́ se ọbẹ̀ adìyẹ.

Ọ̀nà tó sún mọ́lé jù lọ nìyẹn o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin bọ̀ mọ tiyín. Ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn á já yín sílẹ̀ ní Mile 2 tàbí lọ́wọ́ Ìyànà Ìpájà, ẹ ó wá máa fi ẹrù àti ọmọ gba Ìgàndó lọ sí Ìbà nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn tí wọ́n ní ẹbí ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnù, tí wọ́n pọ̀ láàárín wa, ìyà tiwọn tún yàtọ̀. Láti 1979 tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé ní Dakar ni ó ti wà lákọsílẹ̀ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀, bí ìwé ìrìn àjò rẹ̀ bá ti pé. Ìwé ni ìyẹn. Lójú ọ̀nà láti Sẹ̀mẹ̀ wá sílé, okùn kan tẹ̀ lé òmíràn, igi kan tẹ̀ lé òmíràn, aláṣọ ìjọba kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n á sì ní kí ẹ jí ọmọ kí àwọn wo ojú rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ti bodè ilẹ̀ pa. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń sáré kiri kí ìyá àgbà tó wà ní Àjàṣẹ́ tó rí i.

Ẹ wá wo òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣíìfù aago mẹ́fà ń dúró. Ọwọ́ tó gbé ọmọ lálẹ́ àná ni yóò ti irin bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ojú tí kò sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ ni yóò máa wo abẹ tó ń lọ sókè sódò. Àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ irú ọjọ́ tí ìka máa ń gé. Máníjà tó ń yọ owó ọjọ́ kan nínú owó ẹni tó bá pẹ́ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde kò tíì jókòó ṣírò ohun tó máa ń ná ilé iṣẹ́ bí ẹ̀rọ bá dúró nítorí ọwọ́ ènìyàn.

Ẹnìkan á ní, kí ló dé tí wọn kò padà ní ọjọ́ kan ṣáájú? Ìbéèrè tó dára ni, a sì ní èsì rẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tó ti wà láti 1974, ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣe oṣù 12 gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, fún ìsinmi pẹ̀lú owó rẹ̀ pípé. Ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ kan fún àlọ, ọjọ́ kan fún àbọ̀, ọjọ́ kan kí egungun padà sípò. Ó ku mélòó? Lóòótọ́, àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ti fi kún un fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá fẹ́ ṣe agídí, òfin ló máa ń sá lọ dì mú. Ẹ sì jẹ́ ká sọ ibi tí òfin náà ti wá. Ní 1936, àjọ àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé tó wà ní Geneva ṣe àdéhùn pé ìsinmi olówó fún òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lọ́dún. Ní 1970, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tiwa tó wáyé ní 1974, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ mẹ́fà ti 1936 ló lọ mú. Níbẹ̀ náà ló ṣì jókòó sí.

Lọ́dún 1936 kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó sínú ilé iṣẹ́, wọn kò jáde títí ìjọba fi ṣe òfin ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi pẹ̀lú owó. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Léo Lagrange wà nínú ìjọba náà, ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí a fún ní ìsinmi tí kò rí owó ọkọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Wọ́n wá ṣe tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè fún òṣìṣẹ́ àti ìdílé rẹ̀ tó ń lọ fún ìsinmi ọdún, wọ́n gé owó rẹ̀ kù ní 40 nínú 100. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fojú kan òkun fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn yẹn mọ̀ pé ìsinmi àti ọ̀nà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n.

Ọkọ̀ ojú irin tiwa ńkọ́? Orúkọ wa wà lára rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní ojú irin Òkókómáíkò sí Marina, kìlómítà 27. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. A kò bú ẹni tó ṣe é. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ mọ̀ pé ọmọ ń rí àyè jókòó nínú rẹ̀, kò sì sí kọ̀ńdọ́ tí yóò ní kí ẹ gbé e lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n Mile 2 ni ìyà tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. Abala kejì, èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ wa, ni a ń retí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì náà sí ọ̀nà mẹ́wàá ní 2009, tí ojú irin yóò wà láàárín. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2009 ti dàgbà tó ẹni tó ń gbé àbúrò rẹ̀ lé itan nínú dánfó. Láti Àgbárá lọ dé bodè, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, wọ́n gbé iyẹn náà síta ní 2018. Ó pani lẹ́rìn-ín, ó sì pani lẹ́kún, pé lójú ọ̀nà yìí gan-an ni wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ Volkswagen ní 1975. Ibi tí a ti ń to mọ́tò fún gbogbo Nàìjíríà ni a ti ń dúró de mọ́tò títí di òní, a sì fi sọ ibùdókọ̀ lórúkọ.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò fẹ́ fi pamọ́. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnìkan láti ilé iṣẹ́ dìde, ó ní olè ni gbogbo awakọ̀ ọ̀nà Àgbádárìgì. Ariwo sọ, díẹ̀ ló kù kí àga fò. A mọ ibi tó ti ń dun ẹni tó sọ̀rọ̀, nítorí pé àwa náà ti sọ̀ kalẹ̀ ní Àgbárá lóru rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpadàbọ̀, apá kan ṣoṣo ni èrò ń lọ. Ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́ láti Àgbádárìgì wá sí Òkókó, òfìfo ni yóò fi padà lọ kó àwọn tó kù. Epo àlọ àti àbọ̀, orí èrò àlọ nìkan ló ń bọ́ sí. Láti òpin oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá tó wà nísàlẹ̀ N200 ní lítà kan di N488 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí awakọ̀ tó lè fojú kékeré wo ìrìn òfìfo. Ẹni tó ni mọ́tò ń retí owó rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún bí ọjọ́ mìíràn. Gáréèjì ń gba tiwọn. Awakọ̀ kò ní líìfù kankan. Bí kò bá jáde, ilé rẹ̀ kò jẹun. Òun náà ní ọmọ nílé, tí ẹnikẹ́ni kò mú lọ sí ọlidé.

Nítorí náà, a kò gbà pé olè ni wọ́n. Bákan náà, a kò gbà pé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ló tọ́. Kí owó gòkè lọ́jọ́ ọdún, ó ní ìdí. Kí wọ́n sọ iye rẹ̀ nígbà tí èrò ń wọlé, kí ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a tètè mọ̀. Ẹni tó bá gba owó Òkókó, kó dé Òkókó. Kí á já ìyá ọlọ́mọ sílẹ̀ nínú òkùnkùn ní Àgbárá lẹ́yìn tí a ti gbowó rẹ̀, ìwà tó yẹ kí ẹ̀ka awakọ̀ fúnra wọn máa fìyà jẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹni tó ti wà lórí sítíà láti aago mẹ́rin òwúrọ̀ kò yẹ kó tún máa kó ọmọ ọlọ́mọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Oorun kò mọ ẹni tó gboyà.

Ọ̀rọ̀ orí itan náà kò ṣeé gbójú fò. A mọ̀ pé owó ló fà á. Títí di oṣù Keje 2024 tí owó oṣù tó kéré jù di N70,000, N30,000 ló wà lórí ìwé, ẹni tó bá sì ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ kò lè ra ìjókòó márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọmọ orí itan kò ní ibi tó dì mú. Bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì, iwájú ni ọmọ ń lọ, ara àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Kò sí apá ìyá tàbí ti bàbá tó lágbára tó láti dì í mú. Àwọn awakọ̀ mọ èyí ju gbogbo wa lọ, wọn kì í sì í sọ ọ́ nítorí pé ẹrù orí itan kì í gba àyè èrò.

Ohun tí àwa ń rò nìyí. Àkọ́kọ́, nígbà tí àdéhùn ọdún tó ń bọ̀ bá dórí tábìlì, kí ẹgbẹ́ béèrè fún ọjọ́ kan lórí ìsinmi ọdún ẹnikẹ́ni, tí yóò jẹ́ ọjọ́ ìrìn, tí a kò ní yọ lára ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, tí owó rẹ̀ yóò sì pé. Lẹ́yìn ọdún Kérésì, Àjíǹde àti Iléyá, kí ṣíìfù àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Àwọn ọ̀gá á ní ó ti pọ̀ jù. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa owó oúnjẹ náà, wọ́n sì ń san án lónìí.

Èkejì kò nílò ọ̀gá kankan. Nínú ẹ̀ka kan náà ni a ní awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, síbẹ̀ ojú títì nìkan ni a ti ń pàdé, tí a ń bú ara wa. Kí ló dé tí a kò fi lè háyà bọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ará wa ní ọjọ́ ìpadàbọ̀? Kí a máa dá owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù bí a ṣe ń dá àjọ, kí awakọ̀ ti mọ iye tí yóò gbà kó tó kúrò nílé, kí a sì ti ka ìrìn òfìfo mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà yóò kúrò ní Àgbádárìgì ní aago méjì ọ̀sán, kó tó di pé títì dí. Yóò dúró lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà kí àwọn ọmọ tọ̀. Yóò já ènìyàn sílẹ̀ ní Òkókó, ní Ìyànà Ìbà àti ní Ọ̀jọ́, kì í ṣe ní Àgbárá. Bí ó bá kẹ́sẹ járí ní ọ̀nà Àgbádárìgì, a ó wo ti Ìbàdàn.

Ti ojú irin, a ti bẹ akọ̀wé kó kọ lẹ́tà sí ìjọba ìpínlẹ̀ lórúkọ ẹ̀ka yìí, kó béèrè ọjọ́ tí abala Mile 2 sí Òkókómáíkò yóò parí, kó sì tún béèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé àti ti ìdílé yóò wà níbẹ̀ lákòókò ọlidé. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà náà, ó wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú yín ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìrìn àti ti bọ́ọ̀sì yóò wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Kí awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ dára, tó fẹ́ kó wà nínú ètò náà, rí akọ̀wé ṣáájú ọjọ́ yẹn. Kí ìdílé tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ kọ orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn, nítorí iye ìjókòó ni a ó fi ṣírò, a kò ní ka itan mọ́ ọn.